Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ọrọ̀ Ajé Ìlú: Ẹ̀kọ́ láti Ilẹ̀ Ifẹ̀

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti bí ìlú ṣe lè fi ohun tí àwọn baba ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀ mú ọrọ̀ ajé rẹ̀ gbèrú, Ilé-Ifẹ̀ ni ó yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn ènìyàn ti ń wa ilẹ̀ Ifẹ̀ nítorí ohun àtijọ́. Àwọn kan wá owó, àwọn kan wá òkìkí, àwọn kan sì wá ìmọ̀. Ohun tí ilẹ̀ náà mú jáde ti fi han gbogbo ayé pé ìlú ńlá, iṣẹ́ ọnà àti ọgbọ́n àgbẹ̀dẹ ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Òkìkí ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n òkìkí nìkan kì í yóni. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ lónìí ni èyí: nínú gbogbo ohun tí a ti hú jáde láti inú ilẹ̀ Ifẹ̀, èwo ni ó di oúnjẹ fún ará Ifẹ̀, èwo ni ó kọjá lọ lójú wọn, kí sì ni ó fa ìyàtọ̀ náà?

Ohun tí ìwalẹ̀wádìí jẹ́

Kí á tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí á la ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Ìwalẹ̀wádìí yàtọ̀ pátápátá sí kí ènìyàn gbé ọkọ́ kí ó sì máa wá ìṣúra kiri inú igbó. Onímọ̀ ìwalẹ̀wádìí a máa wa ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní ìpele-ìpele, a sì máa kọ ohun gbogbo sílẹ̀ bí ó ti ń lọ: ibi tí nǹkan wà, bí ó ti jìn tó, ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti àwọ̀ erùpẹ̀ tí ó bò ó. Èédú, eérú, egungun ẹran àti àpáàdì, tí ẹlòmíràn yóò kó dà sí ààtàn, ẹ̀rí ni wọ́n jẹ́ lójú tirẹ̀. Láti ara èédú lásán ni ó ti lè mọ iye ọdún tí ère idẹ tí ó wà nítòsí rẹ̀ ti lò nínú ilẹ̀.

Ère tí ó wà nínú ilẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn. Bí ẹnì kan bá fa ọ̀rọ̀ náà yọ tí ó sì tà á, ẹni tí ó rà á ní ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè tún un tò bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fi èyí sọ́kàn yóò rí i pé ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà jẹun lára ilẹ̀ àtijọ́. Ó lè hú nǹkan inú rẹ̀ tà, ó sì lè ka ilẹ̀ náà bí ìwé, kí ó wá jẹ lára ohun tí ó kà. Ìlú Ifẹ̀ ti rí ọ̀nà méjèèjì.

Igbó Olókun

Igbó Olókun wà ní apá àríwá ìlú Ifẹ̀. Orúkọ rẹ̀ so ó mọ́ Olókun, òrìṣà tí ó ni omi òkun tí ó sì ni ọrọ̀. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ará ìlú ti ń wa ilẹ̀ igbó yìí fún ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń tà. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀ tí à bá dá wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ ohun iyì lọ́rùn ọba àti ìjòyè, ẹni tí ó bá rí i nínú ilẹ̀ sì rí owó. Olúkúlùkù a mú ìlẹ̀kẹ̀, a sì ju àpáàdì dúdú tí ó bá a nínú ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí pé kò sí ẹni tí í ra àpáàdì lọ́jà.

Ní ìparí ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì kan tí ó ń ṣa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà jọ, dé Ifẹ̀. Ó wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun, ó ra àwọn orí tí a fi amọ̀ mọ tí a sì sun, ó sì gbìyànjú láti gbé orí idẹ tí wọ́n ń pè ní orí Olókun lọ. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Charles Partridge, tí ó jẹ́ aṣojú ìjọba ní àgbègbè náà, ṣe ìwádìí, wọ́n sì gba àwọn kan padà lọ́wọ́ àlejò náà, tí orí Olókun sì wà lára wọn. Síbẹ̀síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí amọ̀ náà dé Berlin.

Ohun tí Frobenius wí lẹ́yìn náà burú ju ohun tí ó kó lọ. Ó sọ fún ayé pé irú iṣẹ́ báyìí kò lè jẹ́ ti àwọn ènìyàn tí òun bá ní Ifẹ̀, àti pé àwọn ará Atlantis, ilẹ̀ kan nínú ìtàn àwọn Gíríkì tí wọ́n ní òkun gbé mì, ni ó wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí ó ta ère náà gba owó ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tí ó rà á gbé ère lọ, ó sì tún fẹ́ gba orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Bí nǹkan bá ti kúrò ní àyè rẹ̀ láìsí àkọsílẹ̀, irú ìtàn tí ó bá wu ẹni tí ó gbé e ni ó lè pa nípa rẹ̀.

Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn èyí kí wọ́n tó fi ọgbọ́n ìwalẹ̀wádìí wa Igbó Olókun ní ọ̀nà tí ó fi sọ̀rọ̀ kíkún. Ní 2011 àti 2012, Abidemi Babalola, onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà, wa ilẹ̀ níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó jáde lé ní 12,000. Ṣùgbọ́n àpáàdì dúdú ọjọ́sí ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀. Ó lé ní 800 àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí wọ́n kó jọ, tí dígí tí ó ti yọ́ ṣì lẹ̀ mọ́ wọn lára, pẹ̀lú pàǹtí dígí tí ó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́. Ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí nínú iná ni àwọn àfọ́kù wọ̀nyí. Nígbà tí wọ́n yẹ dígí náà wò, èròjà inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti dígí tí ó ń wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá, ilẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà. Àbájáde rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, ni pé láàrin ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ní Ifẹ̀ gan-an ni àwọn oníṣẹ́ ti ń ṣe dígí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n ti rí irú dígí kan náà ní Gao ní orílẹ̀-èdè Mali, èyí tí ó fi hàn pé ọjà Ifẹ̀ ń rìn jìnnà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ohun tí kò ní iye lórí lójú ẹni tí ń wa ìlẹ̀kẹ̀ tà ni ó dá iyì padà fún ìlú. Bí wọ́n bá ti wa gbogbo Igbó Olókun tán pátápátá kí ọdún 2011 tó dé, àpáàdì ì bá wà káàkiri, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ì bá lè sọ iye ọdún wọn, tàbí ohun tí wọ́n jọ wà pọ̀ nínú ilẹ̀.

Ẹni tí ó ń kọ́lé ni ó ń kọ́kọ́ rí i

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1938, àwọn kan ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin Ọọ̀ni. Ọkọ́ wọn kan àwọn orí idẹ. Mẹ́tàlá ni wọ́n kọ́kọ́ rí, wọ́n sì tún rí òmíràn níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tí ó wà lórí oyè láti 1930 títí di 1980, kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sí ààfin. Àwọn díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ọ̀kan dé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. William Bascom, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ń ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ nígbà náà, ra méjì, ó sì dá wọn padà ní 1950.

Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba jí gìrì. Ní 1943 wọ́n yan Kenneth Murray láti máa bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní 1945 wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní Èsìẹ́, níbi tí ère òkúta tí ó lé ní 800 wà. Òfin tí ó dá ẹ̀ka ìjọba fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ jáde ní 1953, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nítòsí ààfin ní 1954. Ní 1979 ni Òfin Kẹtàdínlọ́gọ́rin dá àjọ tí ó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀. Òfin náà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti wa ohun àtijọ́ láìgba àṣẹ, ó sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá ṣèèṣì rí i fi tó aláṣẹ létí.

Ní 1957, ọ̀rọ̀ tún ṣẹlẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn lébìrà tí ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó ni ó kan àwọn ère idẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, Frank Willett, onímọ̀ ìwalẹ̀wádìí, wa ibẹ̀ ní ọ̀nà tí ó tọ́, ó sì padà síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Peter Garlake wa ilẹ̀ Ọbalárá àti ti Wóyè Àṣírí, ó sì rí ère amọ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ dáradára bí ẹní.

Ohun kan so àwọn ìtàn wọ̀nyí pọ̀, bẹ́ẹ̀ a kì í sábà sọ ọ́ nínú ìwé. Ẹni tí ó ń kọ́kọ́ rí ohun àtijọ́ kì í sábà jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ẹni tí ń kọ́lé ni, tàbí àgbẹ̀, tàbí lébìrà tí ń gba owó ojúmọ́. Láàrin ìgbà tí ọkọ́ rẹ̀ bá kan idẹ sí ìgbà tí ẹlòmíràn yóò mọ̀, òun nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó bá rò nínú ọkàn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà ni yóò pinnu bóyá gbólóhùn yóò pé tàbí yóò já. Ó lè rò pé: “Bí mo bá sọ, wọn yóò dá iṣẹ́ ilé mi dúró, wọn yóò gba ilẹ̀ mi, èmi kò sì ní rí kọ́bọ̀.” Bí ó bá rò bẹ́ẹ̀, òfin ọdún 1979 wà nínú ìwé ní ìlú ńlá, oníṣòwò tí ń ra ère ní ìkọ̀kọ̀ sì wà ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà.

Èèbù àti oúnjẹ

Àwọn kan a máa wí pé ebi kò gbọ́ ìtàn, pé ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ ní òní kò ní ìdí láti máa ṣọ́ ère ti àná. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú, kò sì yẹ kí ẹni tí ó jẹun yó fi ọwọ́ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ní ìdáhùn sí i. Bí ebi ti wù kí ó pa àgbẹ̀ tó, kì í se èèbù jẹ. Ó mọ̀ pé oúnjẹ ọjọ́ kan ni èèbù jẹ́ nínú ìkòkò, bí ó bá sì wọ inú ebè, oúnjẹ ọdún kan ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rí. Ère tí a tà, ẹ̀ẹ̀kan ni a ó tà á. Ní 2010, wọ́n pàtẹ àwọn ère Ifẹ̀ tí wọ́n yá láti Nàìjíríà ní British Museum, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù sì ń sanwó wọlé láti wò wọ́n. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè wo ère kan, kí ó sì wà bí ó ti wà fún ẹgbẹ̀rún mìíràn. Èyí ni ìyàtọ̀ láàrin ohun tí à ń tà àti ohun tí à ń fi hàn.

Àgbẹ̀ tí kò jẹ èèbù ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé òun náà ni yóò kórè. Bí ẹni tí ó fi èèbù pamọ́ bá yàtọ̀ sí ẹni tí yóò jẹ iṣu tuntun, ta ni yóò fi èèbù pamọ́? Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ètò lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ń kọsẹ̀. Wọ́n ní kí ará ìlú fi í pamọ́, àlejò, òǹkọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n sì ń jẹ ìkórè.

Àpẹẹrẹ ìlú Òṣogbo

Kò jìnnà sí Ifẹ̀, ìlú Òṣogbo fi hàn bí nǹkan ṣe lè rí bí ará ìlú bá wà nídìí rẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Láàrin àwọn ọdún 1950, ààbò rẹ̀ ti ń yẹ̀: wọ́n ń gé igi rẹ̀, ojúbọ ń wó, wọ́n sì ń jí ère rẹ̀ gbé. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní 1950 tí ó sì di olórìṣà, gba ìjà igbó náà jà pẹ̀lú àwọn àwòrò títí ó fi kú ní 2009. Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí ni irú àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́. Adébísí Àkànjí jẹ́ bíríkìlà kí ó tó di ẹni tí ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ère. Kàsálì Àkàngbé jẹ́ agbẹ́gilére. Oníṣẹ́ ọwọ́ inú ìlú ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ni ó sì tún ojúbọ ṣe.

Ní 1965 ìjọba kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, wọ́n fẹ ààlà rẹ̀ ní 1992, àjọ UNESCO sì fi í sínú ogún àgbáyé ní 2005. Bí oṣù kẹjọ bá dé tí ọdún Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀, àwọn olùsìn àti òǹwòran a máa wá láti ọ̀nà jíjìn, títí kan àwọn ọmọ wa tí òwò ẹrú gbé dé Brazil àti Kúbà. Onímọ́tò rí èrò gbé, olóúnjẹ rí oúnjẹ tà, aládìírẹ rí aṣọ tà, onílé ìtura rí àlejò gbà. Kò sí ẹni tí ó ní láti hú ohunkóhun jáde láti inú ilẹ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Àwọn òrìṣà kò kúrò níbi tí wọ́n wà, igi wà lórí ìdúró, odò sì ń ṣàn.

Odò náà ti wá di ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2021 ni ìròyìn ti ń jáde pé omi Ọ̀ṣun ń dàrú, ó ń pọ́n bí omi amọ̀, nítorí àwọn tí ń wa wúrà ní òkè odò. Àwọn tí ń bu omi náà mu nígbà ọdún wà nínú ewu. Àwọn tí ń wa ilẹ̀ ní òkè ń jẹ oúnjẹ òòjọ́ wọn, àwọn tí ń jẹun lára odò ní ìsàlẹ̀ sì ń pàdánù tiwọn. Ìjà èèbù àti oúnjẹ náà ni èyí, ó kàn jẹ́ pé ẹni tí ń jẹ èèbù àti ẹni tí ó ni oko kì í ṣe ará ìlú kan náà. Kò sí ògiri tí ìlú kan lè mọ yí igbó rẹ̀ ká tí yóò dá omi búburú dúró. Ìjọba tí ó ní àṣẹ lórí òkè odò àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó lè dá a lẹ́kun.

Ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọwọ́ ará ìlú

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni Ifẹ̀ àti àwọn ìlú mìíràn tí ilẹ̀ wọn ní ìtàn nínú lè ṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ìwalẹ̀wádìí fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀ wà nínú rẹ̀: wíwa ilẹ̀, sísẹ́ erùpẹ̀, fífọ àpáàdì, yíyàwòrán, kíkọ àkọsílẹ̀, ṣíṣọ́ ibi iṣẹ́ lóru. Ọmọ agbo ilé tí ó ni ilẹ̀ ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Yàtọ̀ sí owó ojúmọ́, yóò kọ́ bí a ti ń ka ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ àfọ́kù ìkòkò dígí kan, tí wọ́n sì sọ ohun tí ó jẹ́ fún un, yóò ṣòro fún un kí ó tún fi ọkọ́ fọ́ òmíràn.

Ọ̀nà kejì ni iṣẹ́ ọnà. Ní Ìbìní, àdúgbò Ìgún wà níbi tí àwọn ẹgbẹ́ adẹdà ti ń fi ìda àti amọ̀ da ère idẹ láti ìran dé ìran, tí wọ́n sì ń tà á fún àlejò. Ìtàn ẹnu àwọn ará Ìbìní wí pé láti Ifẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Níbẹ̀, ère àtijọ́ ń wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ère tuntun sì ń bọ́ ẹni tí ó dà á. Ohun tí ìwádìí Igbó Olókun mú jáde lè di irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀. Ìmọ̀ nípa èròjà dígí àtijọ́ ti wà nílẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí ọ̀dọ́ ìlú, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì àti àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ jókòó pọ̀ láti tún ṣe ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ ní gbangba, kí wọ́n sì tà á gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tuntun, láìpurọ́ pé ó ti pẹ́. Àlejò tí ó bá ra èyí kò ní wá ti inú ilẹ̀ rà.

Ọ̀nà kẹta ni àlejò gbígbà. Àwọn onífá láti òkè òkun a máa wá sí Òkè Ìtasẹ̀ ní Ifẹ̀ fún ọdún Ifá ní oṣù kẹfà. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń lò? Ẹni tí ó wá ṣe ọdún ní ọjọ́ kan tí ó sì padà ní ọjọ́ kejì kò fi owó púpọ̀ sílẹ̀. Bí ó bá lè rìn láti Òkè Ìtasẹ̀ dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ó wo ilẹ̀ àpáàdì, kí ó dé Igbó Olókun, kí ẹni tí ó mọ ìtàn dáradára sì máa tọ́ ọ sọ́nà, yóò sun oorun méjì sí i, yóò sì jẹun ní ìgbà mẹ́fà sí i. Afinimọ̀nà tí ó gbọ́ èdè àlejò tí ó sì mọ ìtàn ìlú, iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga sì lè kọ́ni ní i.

Ọ̀nà kẹrin ni ó le jù. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣẹ àti pínpín. Ó yẹ kí onílẹ̀, àwòrò, ọba, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé jọ wà nínú ìgbìmọ̀ kan tí yóò máa pinnu ibi tí àlejò lè dé àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé. Awo kì í ṣe ohun ìpàtẹ, ojúbọ tí a bá sọ di ọjà pátápátá yóò sì pàdánù ohun tí ó mú kí àlejò wá a. Ìgbìmọ̀ náà ni yóò tún máa rí sí i pé apá kan owó ẹnu ọ̀nà dúró ní àdúgbò tí ohun náà wà, fún omi, ọ̀nà àti ilé ẹ̀kọ́, kí gbogbo ènìyàn fi ojú rí i. Ẹni tí a bá ní kí ó dá ilé kíkọ́ dúró nítorí ohun tí a rí lórí ilẹ̀ rẹ̀, kí á fún un ní ilẹ̀ mìíràn tàbí owó tí ó tó kí òjò tó pa bíríkì rẹ̀. Owó náà lè dà bí èyí tí ó pọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí orílẹ̀-èdè máa bẹ àwọn òyìnbó pé kí wọ́n dá ère padà.

Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ìlérí tí ó ju agbára ọ̀rọ̀ yìí lọ. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò lè rọ́pò iṣẹ́ oko, ilé iṣẹ́ àti ọjà. Bí ọ̀nà kò bá dára, tí ìlú kò sì fararọ, àlejò kò ní wá. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó fi ẹsẹ̀ kan kún àwọn ẹsẹ̀ tí ìlú fi dúró, ẹsẹ̀ kan tí kò sí ní ìlú mìíràn, nítorí pé a kò lè gbé Igbó Olókun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Níbi yìí ni iṣẹ́ ti kan àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ tí ó kà nípa orí idẹ Ifẹ̀ nínú ìwé ìtàn, tí ó sì yege nínú ìdánwò, lè máà mọ ohun tí yóò ṣe bí ọkọ́ baba rẹ̀ bá kan irú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó yẹ kí ó mọ̀ pé kí wọ́n dá ọkọ́ dúró, kí wọ́n má ṣe fa nǹkan náà yọ, kí wọ́n má ṣe fọ̀ ọ́, kí wọ́n bo ibẹ̀, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí yunifásítì tí ó bá súnmọ́ wọn jù. Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni èyí nínú kíláàsì. Ọmọ náà yóò gbé e délé. Ṣùgbọ́n baba rẹ̀ yóò bi í ní ìbéèrè kan kí ó tó gbà: “Bí mo bá ránṣẹ́, kí ni yóò tẹ̀ mí lọ́wọ́?” Títí tí ìjọba àti ìlú yóò fi ní ìdáhùn tí ọmọ náà lè sọ fún baba rẹ̀ láìparọ́, ọkọ́ kò ní dúró.